BÍ A TI Ń DÉ ADÉ FÚN KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ TÍ IGUN RẸ̀ RÍ RÌBÌTÌ
Ẹ̀kọ́ fún ìjíròrò ní ìpàdé ẹgbẹ́

 

Ẹ̀kọ́ ti ìdá-mẹ́rin ọdún yìí jẹ́ ti àwọn káfíńtà àárín wa ní pàtàkì. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kì í ṣe káfíńtà má ṣe fò ó kọjá, nítorí pé owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń yáni lówó ra pákó, ó yẹ kí ó mọ bí pákó ṣe ń ṣòfò.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ WA NÍ ÀRÀNDÚN

Àwa káfíńtà mẹ́fà ni a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan ní Àràndún. Ìyá kan wá láti Òmù-Àrán, ó bẹ̀ wá ní iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí yóò fún ọmọ rẹ̀ obìnrin nígbà ìgbéyàwó. Ó fẹ́ kí igun méjèèjì tí ó wà níwájú rí rìbìtì, kí ó má ṣe ní ṣóńṣó tí yóò máa gún àwọn ọmọdé. Ó sì fẹ́ kí a dé e ládé lókè bí irú èyí tí ó rí nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. A gbà. A yá owó nínú ẹgbẹ́, a fi ra pákó ọ̀gànwó, a sì dá ọjọ́ fún ìyá náà.

Ara kọ́bọ́ọ̀dù kò yọ wá lẹ́nu. Piláíwùùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi yí igun rẹ̀, ó sì gbọ́. Orí rẹ̀ ni ìjà wà. A ti fá adé náà sórí pákó gígùn, ó dára, ó ń dán. Nígbà tí a fẹ́ tẹ̀ ẹ́ yí igun ká, àkọ́kọ́ kán. A rẹ ìkejì sínú omi mọ́jú, a tún fi omi gbígbóná sí i. Ó tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ méjèèjì gbé sókè, kò jókòó, nígbà tí a sì fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó là. A fi ayùn ya ẹ̀yìn ìkẹta kí ó lè rọ̀. Ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣẹ́ ní ibi gbogbo tí ayùn gbà kọjá. Pákó mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 ni a sọ di igi ìdáná.

Ibi tí a ti ń wo ara wa ni bàbá kan tí ó jẹ́ bíríkìlà ti wọlé wá kí wa. Ó wo ilẹ̀, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti rí bíríkìlà tí ó ń tẹ búlọ́ọ̀kù rí?” A ní, “Rárá o, Bàbá.” Ó ní, “Ṣùgbọ́n ẹ ti rí kànga, ẹ sì ti rí òpó tí ó rí rìbìtì. Ta ni ó tẹ̀ wọ́n?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó là wá lójú. Òun náà ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí: a kì í tẹ adé igun, ńṣe ni a ń kọ́ ọ.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ ADÉ?

Adé tí à ń wí ni ìgbátí tí ó yí orí kọ́bọ́ọ̀dù ká, tí ó yọ síta níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù, òkè rẹ̀ sì yọ jáde. Ó ń bo ojú ibi tí pákó orí àti pákó ara ti pàdé, ó sì ń mú kí iṣẹ́ ní ẹwà.

Kì í ṣe ohun tí ó ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wá sí Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà. Iṣẹ́ ọwọ́ João Baptista da Costa tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn wà ní Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Èkó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Láti ọwọ́ irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àṣà fífi sìmẹ́ǹtì ṣe ìgbátí sórí fèrèsé àti sí etí òrùlé ti tàn dé ara ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Bí bíríkìlà ti ń ṣe é nìyí: yóò gé páànù sí àwòrán ìgbátí tí ó fẹ́, yóò kàn án mọ́ igi, yóò sì máa wọ́ ọ lórí sìmẹ́ǹtì tútù títí àwòrán náà yóò fi jáde. Bí ibẹ̀ bá rí rìbìtì, yóò kan ìṣó kan sí àárín gbùngbùn, yóò so igi náà mọ́ ọn, yóò sì máa fi yípo. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà lò ó.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa náà, ẹni tí ó bá ti dé Èsìẹ́, níbi tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti ṣí ní ọdún 1945, yóò ti rí àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀. Orí wọn rí rìbìtì, èjìká wọn rí rìbìtì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó tẹ òkúta. Ńṣe ni wọ́n gé èyí tí kò yẹ kúrò, tí èyí tí ó yẹ sì kù.

ÌDÍ TÍ PÁKÓ GBỌỌRỌ FI Ń KỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Bí a bá fi ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì sí ojú àmì àárín igun, tí ó jẹ́ íǹṣì 6 dé ara kọ́bọ́ọ̀dù, igun náà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ó yípo tán. Ìsàlẹ̀ adé tí ó fara mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yóò rin ìrìn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì 9½. Ṣùgbọ́n òkè adé yọ síta ní íǹṣì 2. Íǹṣì 8 ni tirẹ̀ láti àárín. Ìrìn tirẹ̀ yóò ju íǹṣì 12½ lọ díẹ̀. Òkè fi íǹṣì 3 àti díẹ̀ gùn ju ìsàlẹ̀ lọ.

Pákó gbọọrọ ńkọ́? Òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Níbo ni yóò ti rí íǹṣì 3 tí òkè ń béèrè? Kò rí i, ni ó ṣe ń là.

Ẹni tí ìṣirò kò bá yé, kí ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń fi páànù ṣe àrọ lọ́jà. Kí ó wo páànù náà nígbà tí wọ́n ti gé e ṣùgbọ́n tí wọn kò tí ì ká a. Kò tọ́ gbọọrọ rárá. Ó tẹ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ohunkóhun tí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ tí ìdí rẹ̀ sì há, a kò lè fi ohun gbọọrọ ká a. Àrọ ni adé igun rìbìtì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni.

Nítorí náà, kì í ṣe pé ọ̀gànwó wa le jù, kì í sì í ṣe pé omi wa kò gbóná tó. Iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe ni a rán pákó náà.

OHUN ÈLÒ

Kò sí ohun tí a ó lò tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kékeré: téèpù, sukúwíà, kọ́ńpáàsì (okùn àti ìṣó náà tó), ayùn, ayùn ẹlẹ́nu tín-ín-rín tí a fi ń gé ohun tí ó yí, ìfági, ṣísẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ kan àti òmíràn tí ẹnu rẹ̀ rí bí ṣíbí, gọ́ọ̀mù pákó, sáńdípépà, àti irin ayùn àtijọ́ kan. Iná mànàmáná kò di dandan.

Ní ti pákó, ìdágé ni a ó lò. Èyí tí ó gùn jù nínú ohun tí igun kan ń fẹ́ kò ju íǹṣì 7 lọ, ìbú rẹ̀ kò sì ju íǹṣì 3 lọ. Irú rẹ̀ ni a máa ń gbá jọ fún àwọn ìyàwó ilé láti fi dáná. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ó gbẹ, kí ó sì jẹ́ irú igi kan náà, àwọ̀ kan náà, pẹ̀lú adé ti iwájú. Igi tútù tí a bá lẹ̀ nígbà òjò, bí ọyẹ́ bá dé, ojú ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ yóò là.

BÍ A Ó TI ṢE É

1. Ẹ kọ́kọ́ yàwòrán. Lórí piláíwùùdù, ẹ fa ìlà igun náà bí ó ti rí gan-an, kì í ṣe ní kékeré. Láti ojú àmì kan náà, ẹ fi kọ́ńpáàsì fa ìlà mẹ́ta: íǹṣì 6, íǹṣì 7, àti íǹṣì 8. Èkínní ni ara kọ́bọ́ọ̀dù. Èkejì ni ibi tí ìpele ìsàlẹ̀ adé yóò yọ dé. Ẹ̀kẹta ni ti ìpele òkè. Ìpele méjì ni adé wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní íǹṣì kan.

2. Ẹ pín in. Ẹ jẹ́ kí kọ́ńpáàsì wà ní íǹṣì 6. Ẹ gbé e sí òpin kan ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ fi sàmì sórí ìlà náà. Ẹ gbé e sí òpin kejì, kí ẹ tún sàmì. Àmì méjèèjì ti pín igun náà sí ọgbọọgba mẹ́ta, dígírì 30 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wá pín àlàfo àárín àmì méjèèjì sí méjì, ẹ ti rí dígírì 45. Ẹ ti ojú àmì àárín fa ìlà gba orí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá síta.

3. Ẹ gé àwọn ègé. Ìpele ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ ègé mẹ́ta, ìpele òkè yóò jẹ́ ègé méjì. Báyìí, ojú ìpàdé ti ìsàlẹ̀ yóò wà ní dígírì 30 àti 60, ti òkè yóò wà ní 45. Bí bíríkìlà ti ń ṣe nìyẹn: kì í jẹ́ kí ojú ìpàdé búlọ́ọ̀kù kan bọ́ sórí ti èkejì. Orí igi tí a bá lẹ̀ mọ́ orí igi kì í lágbára. Pákó tí ó gùn lé ojú ìpàdé lórí ni ó ń dì í mú. Ẹ gé àwòrán ègé kọ̀ọ̀kan sórí páálí, kí ẹ tò ó sórí ìdágé kí ojú igi lè gba gígùn ègé náà. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà òde, ṣùgbọ́n kí orí ègé tí yóò pàdé ara wọn bá ìlà mu gẹ́lẹ́.

4. Ẹ tò ó láìní gọ́ọ̀mù. Ẹ tò wọ́n sórí àwòrán. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ojú ìpàdé kọjá, ẹ fi ìfági tọ́ ọ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gọ́ọ̀mù yóò dí i.

5. Ẹ lẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí àwòrán kí gọ́ọ̀mù má baà mú piláíwùùdù. Ẹ lẹ ìpele ìsàlẹ̀, ẹ gbé ìpele òkè lé e, kí ẹ dì í. Ẹni tí kò bá ní kíláǹpù, kí ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó fi wé e le dáadáa, kí ó sì gbé ohun wúwo lé e. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tú u.

6. Ẹ mú inú rẹ̀ bá kọ́bọ́ọ̀dù mu. Ẹ fi ẹfun ra igun kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ tẹ adé igun náà mọ́ ọn. Ibi tí ẹfun bá mú ni ó ga. Ẹ fá ibẹ̀, kí ẹ tún dán an wò, títí ẹfun yóò fi mú gbogbo inú rẹ̀. Inú ni kí ẹ kọ́kọ́ parí, kí ẹ tó fọwọ́ kan òde.

7. Ẹ yọ àwòrán rẹ̀. Ibí yìí ni ọgbọ́n bíríkìlà ti wúlò. Ẹ fi fáìlì gé ẹnu irin ayùn àtijọ́ sí òdìkejì àwòrán adé, kí ẹ kì í bọ inú igi tí a là láàárín. Ẹ kọ́kọ́ fi ayùn àti ṣísẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́nu ṣíbí kó èyí tí ó pọ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi irin yìí họ ọ́ lọ họ ọ́ bọ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi jáde. Irin kan náà ni kí ẹ lò fún adé gbọọrọ ti iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́, tí ẹ̀yin náà yóò ti lẹ̀ ní ìpele méjì. Bí irin bá jẹ́ ọ̀kan, àwòrán kò lè jẹ́ méjì. Bí ẹ bá ń lo ṣísẹ́ẹ̀lì, ẹ máa ti àárín ègé lọ sí ojú ìpàdé, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, ojú igi yóò dojú kọ yín, yóò sì ya.

8. Ẹ tò ó sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Igun méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi skúrúù dì láti inú. Lẹ́yìn náà ni ti iwájú tí yóò wọ àárín wọn. Ẹ gé e kí ó fi ìwọ̀n irun orí gùn ju àyè rẹ̀ lọ, kí ẹ máa fá a títí yóò fi wọlé ṣinṣin. Ti ẹ̀gbẹ́ ni ìkẹyìn, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ sí ara ògiri, kò sí ẹni tí yóò rí i bí ó bá gùn tàbí kúrú díẹ̀.

ÀṢÌṢE TÍ Ó WỌ́PỌ̀

Èkínní ni gígé ojú ìpàdé igun àti ti iwájú ní dígírì 45. Ìyẹn jẹ́ ti igun ṣóńṣó. Níbi tí rìbìtì ti parí tí gbọọrọ sì bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì dojú kọ. Sukúwíà lásán ni a ń fi gé e.

Èkejì ni kí a kọ́kọ́ kan adé iwájú, kí a tó wá igun tí yóò bá a mu. Ohun tí ó ṣòro ni à ń kọ́kọ́ ṣe. Èyí tí ó rọrùn yóò tẹ̀ lé e. Pákó gbọọrọ ṣeé gé lẹ́ẹ̀kejì, igun kò ṣeé nà.

Ẹ̀kẹta ni kíkan ìṣó sí orí ègé. Yóò là á. Skúrúù láti inú, tí a ti lu ihò fún, ni ó dára.

Àwọn kan máa ń béèrè pé ṣé a kò lè lẹ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ púpọ̀ mọ́ ara wọn lórí igi tí ó yí. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbátí tí ó dúró ṣánṣán, tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Fún adé tí ó yọ síta bí àrọ, rárá. Wọ́n sì ti ń ṣe ìgbátí kan tí ó ń tẹ̀ bí rọ́bà ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí ó bá rí i rà kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìdágé ọ̀gànwó ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a sì ti sanwó rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

A parí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá náà nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ méjì. Inú rẹ̀ dùn, ó sì san gbogbo owó wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Owó tí a fi ra pákó mẹ́ta mìíràn ti jẹ èrè iṣẹ́ náà. Ọjọ́ sísan owó ẹgbẹ́ pé, a kò rí i san, ó di oṣù kejì. Wọ́n pe orúkọ àwọn onídùúró wa ní ìpàdé, àwọn tí wọn kò mú ayùn lọ́wọ́ rí, tí wọn kò sì mọ ohun tí adé jẹ́. Ojú tì wá ju bí a ti lè kọ sílẹ̀ lọ.

Kí ni kò jẹ́ kí a béèrè kí a tó gé? Kò ju pé a ti gba iṣẹ́, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé a kò ṣe irú rẹ̀ rí. Bàbá bíríkìlà yẹn kò gbé jìnnà sí wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìbá gba pákó mẹ́ta là. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń ni ni lára. A fi agbára mú pákó. Àwọn onídùúró wa ni ó ni lára.

Láti ọdún 1935 tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé kì í ṣe owó nìkan ni à ń fi jọ. Ìmọ̀ náà wà nínú ohun tí ó yẹ kí a dá jọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí náà, a ti fìmọ̀ ṣọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù wa lórí ohun mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yá owó fún iṣẹ́ tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, yóò kọ́kọ́ fi ìdágé ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ ní kékeré, yóò sì fi hàn wá. A kò tún dáná sun ìdágé pákó gidi mọ́. Àpótí kan wà fún un, a sì ń yà á sọ́tọ̀ ní irú igi. Irin tí a bá sì gé fún àwòrán adé, ti gbogbo wa ni, a fi ìwé mọ́ ọn kí ẹlòmíràn lè lò ó láìtún gé òmíràn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí òkè adé fi gùn ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ ní igun rìbìtì? Kí ẹnì kan fi páálí ká àrọ fún ìpàdé, kí ó sì tú u ká kí gbogbo ènìyàn rí i.

2. Kí ni ìdí tí a kì í fi jẹ́ kí ojú ìpàdé ìpele òkè bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀?

3. Nínú iṣẹ́ tiyín, yálà aṣọ rírán ni, tàbí oko, tàbí òwò, kí ni ẹ ń fi agbára tẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ kọ́ ní ègéègé?

4. Kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí owó yíyá fún iṣẹ́ ọwọ́, kí ni ó yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́? Kí ni onídùúró náà yẹ kí ó béèrè?

5. Ta ni ó wà nínú ẹgbẹ́ yín tí ó mọ ohun tí ẹ̀yin kò mọ̀, tí ẹ kò tí ì bi léèrè rí?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ sì tún kà á ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹgbẹ́ wa kò ní fọ́, igi wa kò ní là mọ́ wa lọ́wọ́. Ó dìgbà kan ná.